Ọjà Ọ̀fẹ́ Dé Ilé Aránbàtà

Ẹyin kan ṣoṣo ló dá ìjà sílẹ̀ nílé Aránbàtà láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò òkè òkun ń bọ̀ wá wo sálúbàtà. Inú ìkòkò ìrẹsì ni wọ́n tọ́jú ẹyin náà sí láti àná, wọ́n ní àlejò ni yóò jẹ ẹ́. Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́, tí ìyàwó ilé na ọwọ́ sínú ìkòkò, ìrẹsì nìkan ló bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó yíjú sí ìyá ọkọ rẹ̀. Ìyá àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń fi ahọ́n nu igun ẹnu bí ológbò.

"Màámi, ẹyin dà?"

"Ẹyin wo?"

"Èyí tó wà nínú ìrẹsì."

"Ṣé inú ìrẹsì ni ẹyin ń gbé ni? Mo rí ẹyin kan tó ṣìnà lóòótọ́. Mo fi ọ̀nà hàn án."

"Màámi! Oúnjẹ àlejò!"

"Àlejò wo? Ẹni tó wọ ọkọ̀ òfuurufú, tó tún wọ ọkọ̀ ilẹ̀, ṣé torí ẹyin kan ló ṣe ń bọ̀? Bí ebi ẹyin bá ń pa á, kò ní ìyá nílé ni?"

Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pe ìyàwó ilé yìí. Àwọn kan ní nítorí pé òun ló ń fi abẹ́rẹ́ rán gbogbo bàtà tí ọkọ rẹ̀ bá gé. Àwọn tó ti bá a jà rí ní kì í ṣe torí ìyẹn, wọ́n ní ẹnu rẹ̀ ni. Láàárọ̀ ọjọ́ yìí, ó la ẹnu náà, ó tún pa á dé. Ìyá ọkọ ni ìyá ọkọ. Ọkọ rẹ̀ ló kọjú sí, ẹni tó dúró lórí àpótí, tó ń tú aṣọ ojú fèrèsé.

"Kí lẹ ń tú ìyẹn fún? Àná ni mo fọ̀ ọ́."

"Ìdí tí mo fi ń tú u nìyẹn. Ó ti dára jù."

Ẹni tó bá gbọ́ èyí lè rò pé orí Aránbàtà ti yí. Orí rẹ̀ pé. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó máa ń so táì, tó ń bá ọ́fíìsì àlejò ṣiṣẹ́, ló mú ìmọ̀ràn náà wá. Ògbufọ̀ ni wọ́n ń pè é, torí òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ àlejò wọnú èdè tiwa. Ó ní tí àlejò bá bá ilé tó rọ̀ṣọ̀mù, yóò ní àwọn wọ̀nyí ò nílò òun. Tó bá sì bá ilé tó dọ̀tí, ẹ̀rù yóò bà á. "Ẹ jẹ́ kó tòṣì," ni Ògbufọ̀ wí, "ṣùgbọ́n kó mọ́." Láti ìgbà náà ni tọkọtìyàwó ti ń jà lórí ibi tó yẹ kí òṣì ọ̀hún mọ.

"Ihò ara ògiri yìí ńkọ́?" Ìyá Abẹ́rẹ́ bèèrè. "Ṣé kí n fi nǹkan dí i?"

"Fi í sílẹ̀. Ìyẹn dáa. Kódà, gbọn eruku ẹ̀ kúrò kó lè hàn."

Alágbàfọ̀, ọkùnrin tó ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn nílé kejì, ti yọ orí lójú fèrèsé tí kò ní aṣọ mọ́, ọṣẹ ṣì ń kán lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó pè é. Bí wọ́n bá ń pe gbẹ́nàgbẹ́nà, ẹyẹ àkókó a máa yọjú.

"Ẹ gbé rédíò yẹn pamọ́," ló wí.

"Kò kúkú sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ yìí," ni Aránbàtà dá a lóhùn.

"Ṣé àlejò mọ̀ pé kò sọ̀rọ̀ ni? Ojú ló máa fi wò ó. Ikùn rẹ náà, fà á sínú. Wọn kì í fún ẹni tó níkùn ní àǹfààní."

"Ikùn kọ́ nìyí. Ẹ̀wà àná ni. Bó bá di ọ̀sán yóò ti lọ."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìyá Abẹ́rẹ́ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo sálúbàtà tí wọ́n tò sórí ẹní láti ẹnu ọ̀nà títí dé ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn yàrá, tí gbogbo wọn kọ imú síta bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò. Gbogbo awọ tó wà nílé ló ti di bàtà yìí. Ohun tó kù kò tó ṣe okùn aago. Èyí tó yẹ kí wọ́n fi jẹ ẹran, wọ́n fi ra awọ. Èyí tó yẹ kí wọ́n fi ra ọṣẹ, wọ́n fi ra òwú. Bí àlejò bá kó bàtà yìí, awọ mìíràn yóò wọlé, iṣẹ́ yóò máa lọ. Bí kò bá kó o, ọ̀bẹ yóò wà lọ́wọ́ ọkọ, abẹ́rẹ́ yóò wà lọ́wọ́ ìyàwó, kò sì ní sí ohun tí wọ́n máa gé, tí wọ́n máa rán.

Wọn kò sì lè rí i tà nílé. Ọ́fíìsì ló fi páálí kan ránṣẹ́, tí wọ́n gé bí àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ àwọn tó máa wọ̀ ọ́ lókè òkun nìyẹn. Ọjọ́ tí páálí náà dé, Ìyá àgbà gbé ẹsẹ̀ tirẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ náà rí bí ọmọ ọwọ́ tó sùn sórí bẹ́ẹ̀dì bàbá rẹ̀. "Ẹsẹ̀ ta nìyí?" ló bèèrè. "Ẹni yìí lè tẹ àdúgbò kan pa kó máa rò pé èèrà ni." Aránbàtà tilẹ̀ bi Ògbufọ̀ bóyá òun lè bá bàtà náà lọ, kí òun fojú rí ẹsẹ̀ tí òun ń ṣe nǹkan fún. Ògbufọ̀ rẹ́rìn-ín títí táì rẹ̀ fi yí sẹ́yìn ọrùn. Ó ní bàtà lè wọ ìlú wọn. Ẹsẹ̀ ni kò lè wọ̀ ọ́.

Wàyí o, ilé tó wà ní òpópónà yẹn kò ní nọ́ńbà. Aránbàtà gba ìkóríta lọ láti dúró de ọkọ̀ àlejò. Ó ku àga. Èyí tó wà nílé, bí èèyàn bá jókòó lé e, àfi kó máa ronú nípa rẹ̀ ní gbogbo ìgbà tó bá fi wà níbẹ̀. Ìyá Abẹ́rẹ́ ní òun yóò lọ yá ti Ìyá Télọ̀ wá.

"Màámi, ẹ bá wa ṣọ́ bàtà. Ẹ má jẹ́ kí ewúrẹ́ débẹ̀ o."

"Mo gbọ́."

"Tí àlejò bá sì dé ṣáájú mi, ẹ yẹ́ ẹ sí dáadáa."

"Ta ló fẹ́ kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń ṣe èèyàn lálejò? Máa lọ jàre."

Ìyá Télọ̀ wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń lẹ ègé aṣọ mọ́ ara ṣòkòtò kan tí àlẹ̀mọ́ rẹ̀ ti ju ṣòkòtò lọ. Ìgbà kan wà tí obìnrin yìí máa ń rán aṣọ tuntun, tí àwọn oníbàárà máa ń tò sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni aṣọ àlòkù bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀lú ní ìdì-ìdì.

"Ẹ gbé àga," ni Ìyá Télọ̀ wí. "Èyí tí ẹsẹ̀ ẹ̀ pé ni kẹ́ ẹ gbé o. Ẹ jẹ́ kí n bi yín, ṣé wọ́n ti sọ fún yín pé ká jọ díje?"

"Wọn ò tíì sọ ọ́."

"Wọ́n ń bọ̀ wá sọ ọ́. Wọ́n sọ ọ́ fún mi. Wọ́n ní ayé ti di ọ̀kan, kálukú ló láǹfààní. Èmi tí mò ń ra aṣọ, tí mò ń ra òwú, tí mò ń ra epo sẹ́nu ẹ̀rọ, ni kí n bá ẹ̀wù tí olówó ti wọ̀ títí ó sú u díje. Ìyá Abẹ́rẹ́, bí ẹ bá ń sáré pẹ̀lú ohun tí wọ́n jù nù, ìgbà wo lẹ máa lé e bá? Wọ́n ti jù ú ná!"

"Ti aṣọ nìyẹn. Wọ́n ń kó tiwọn bọ̀ wá bá yín. Tiwa là ń kó lọ bá wọn."

"Ẹ má bínú. Mi ò gbàdúrà ibi fún yín."

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí ohùn kan bú jáde láti ìsàlẹ̀ òpópónà. Ògbufọ̀ ni, ó gbé gbohùngbohùn sẹ́nu.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò! Ẹ jáde, ẹ wá pàdé àlejò! Ọjà ọ̀fẹ́ ló ń mú bọ̀ fún yín! Ọjà ọ̀fẹ́, láìsí ìdènà! Ilé Aránbàtà ló ti máa bẹ̀rẹ̀!"

Ìyá Télọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ. "Kí ló pè é?"

"Ọjà ọ̀fẹ́."

"Ọ̀fẹ́ bí ọ̀fẹ́?"

"Èmi ò mọ̀ o, bóyá ohun tó ní lọ́kàn ni pé..."

Ìyá Télọ̀ ti kọjá lẹ́nu ọ̀nà, tòun ti okùn tó fi ń wọn aṣọ lọ́rùn. Onílé ti jáde, ó ku àlejò nílé onílé.

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní ọ́fíìsì tí Ògbufọ̀ ti ń bọ̀, òwò tí kò sí ẹni tó ń dí i lọ́wọ́ ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ó wá ọ̀rọ̀ tó máa fi gbé e, èyí tó rí ló mú. Ṣùgbọ́n nínú èdè wa, ọjà ni ibi tí à ń tà, ọjà náà sì ni ohun tí à ń tà. Ọ̀fẹ́ ní tirẹ̀, kò sí ọmọ kékeré tí kò mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Etí ẹni tí ebi ń pa kì í sì í béèrè ìtumọ̀ lẹ́ẹ̀mejì.

Ìyá Abẹ́rẹ́ gbé àga rù, ó ń bọ̀ nílé jẹ́jẹ́. Kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tó fi ń gbọ́ "pàá, pàá, pàá" níwájú, bí ẹni tó ń lu omi. Alágbàfọ̀ ni. Ó ń rìn bí pẹ́pẹ́yẹ, ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè kó tó gbé e síwájú.

"Ìyá Abẹ́rẹ́! Ẹ kú oríire o! Ẹ wo ẹsẹ̀ mi!"

Ó wò ó. Sálúbàtà tuntun ni, ẹsẹ̀ Alágbàfọ̀ wà níwájú rẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó tètè dé kíláàsì. Ìyá Abẹ́rẹ́ wo bí wọ́n ṣe rán an. Èèyàn lè ṣi ọmọ rẹ̀ mọ̀ nínú èrò, kì í ṣi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ mọ̀.

"Níbo lẹ ti rí bàtà yẹn?"

"Níbo kẹ̀? Ilé yín náà ni. Ìyá ló fọwọ́ ara wọn fi wọ̀ mí, wọ́n tún súre fún mi lé e. Ó tóbi díẹ̀ o, àmọ́ ta ni yóò wọn ohun tí wọ́n fi tọrẹ... ẹ gbà mí, kí ló dé? Ìyá Abẹ́rẹ́! Àga yín!"

Obìnrin náà ti gbé àga kalẹ̀ sáàárín títì, ó ti fi eré sí i. Àga dúró síbẹ̀. Kò pẹ́, ewúrẹ́ kan gun orí rẹ̀, ó ń wo ojú pópó bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Nígbà tó fi máa délé, òpópónà ti kún fún ìró bàtà. Ìyàwó ilé kan gbé tirẹ̀ rù sórí, torí ó ní kò ṣeé wọ̀. Àwọn ọmọ méjì kó ẹsẹ̀ méjì sínú ẹyọ kan, wọ́n ń fò bí ọ̀pọ̀lọ́. Ìyá àgbà dúró sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú èyí tó kẹ́yìn lọ́wọ́, ó ń ké pé, "Ẹ rọra, ẹ rọra, ẹ má tì ara yín! Gba tìrẹ, ìwọ. Ẹsẹ̀ rẹ á rìn síbi tó dáa. Ó yá, ó ti tán o! Ẹni tí kò bá rí gbà kó ní sùúrù, ti òkè òkun kì í tán!"

Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́. Àgbà wà lọ́jà yìí. Òun gan-an ló gbé ọmọ náà fún ẹni ẹlẹ́ni.

"Màámi! Kí lẹ ṣe?"

"Mo ṣàlejò."

"Bàtà tí a fẹ́ tà!"

"Títà ti tán. Ọmọ tó so nǹkan mọ́ ọrùn yìí ló kígbe pé wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Mo ní háà, àlejò yìí mà láàánú o, ó ti rà á, ó tún ń fi ta aláìní lọ́rẹ. Mo wá bá a pín in kó tó dé, kó má baà rẹ̀ ẹ́."

Ògbufọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, gbohùngbohùn ti rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òógùn ń gba inú táì rẹ̀ wọlé. "Ìyá, ọjà ọ̀fẹ́ tí mo sọ, kì í ṣe ọjà tó jẹ́ ọ̀fẹ́ ni mo ní lọ́kàn."

"Kí ni ọjà ọ̀fẹ́ tí kì í ṣe ọ̀fẹ́?"

"Ó túmọ̀ sí pé kálukú lómìnira láti rà, kálukú lómìnira láti tà."

"Ta ló sọ pé a ò lómìnira láti rà?" Ìyá àgbà wò ó tìyanu-tìyanu. "Owó ni a ò ní."

Ìyá Abẹ́rẹ́ kò dúró gbọ́ èyí tó kù. Ó ti bọ́ sáàárín èrò. "Ẹ bọ́ ọ! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ ọ! Wọn ò tíì rà á! Tiwa ni!" Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti bọ́ ọ. Àwọn kan ní kí Ògbufọ̀ fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìyá Télọ̀, tó fi bàtà mọ́ àyà, ní, "Yéè, mo gbé!" Ibẹ̀ ni fèrè ọkọ̀ ti dún.

Aránbàtà ló jókòó níwájú ọkọ̀, ó na apá jáde lójú fèrèsé, ó ń juwọ́ sí àwọn tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré bí ẹni tó ń bọ̀ láti ìrìn àjò. Ó rí bàtà lẹ́sẹ̀ ẹni àkọ́kọ́, ó juwọ́. Ó rí i lẹ́sẹ̀ ẹnì kejì. Ìgbà tó rí i lórí obìnrin kan, apá rẹ̀ dúró sókè, kò sọ̀kalẹ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀.

"Ìyá àwọn ọmọ," ló wí, "kí ni mò ń wò yìí?"

"Ẹ bi màámi."

Kò bi í. Àlejò ti sọ̀kalẹ̀. Ọkùnrin gíga tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ènìyàn ni, kámẹ́rà wà lọ́rùn rẹ̀. Ìyá àgbà kò wo ojú rẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló wò. Ẹsẹ̀ kékeré báyìí ni, bíi tiwa.

"Ta ló wá ni ẹsẹ̀ páálí?" ló bi Ògbufọ̀.

"Ìyá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ kí wọn ná."

Àlejò ń wo ẹsẹ̀ àwọn èèyàn. Ó wo tọmọdé, ó wo tàgbà, ó wo ti obìnrin tó gbé e rù. Ojú rẹ̀ ń tàn sí i. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, Ògbufọ̀ sì ń gbé e lẹ́yìn rẹ̀ bí alábàárù.

"Ó ní gbogbo ayé ni òun ti rìn, òun ò tíì rí ibi tí wọ́n ti fẹ́ràn bàtà tó báyìí."

"Sọ fún un pé wọn ò rà á," ni Aránbàtà wí.

Ògbufọ̀ sọ ọ́. Àlejò rẹ́rìn-ín, ó na ọwọ́ sí èjìká Aránbàtà.

"Ó ní ìyẹn ò burú. Wọ́n ti fẹ́ ẹ, rírà ló kù. Ó ní ìlẹ̀kùn àǹfààní ṣí sílẹ̀ gbayawu fún gbogbo yín."

Ìyá àgbà yíjú wo ẹnu ọ̀nà. "Ẹni tó bá kẹ́yìn wọlé kó tì í o."

"Ó ní orí ìlà kan náà ni gbogbo wa wà, òun náà, ẹ̀yin náà. Ẹni tó bá lè sáré ni yóò kọ́kọ́ débẹ̀."

Alágbàfọ̀ kò mọ ibẹ̀ tí wọ́n ń wí, ṣùgbọ́n ó ti rí nǹkan gbà lẹ́ẹ̀kan lónìí, kò fẹ́ kí ẹ̀ẹ̀kejì fo òun. Ó ká ṣòkòtò, ó fi eré gé e. Òun lọ, bàtà dúró. Ó ṣubú lulẹ̀ pẹ̀lú orúnkún méjèèjì níwájú ọkọ̀. Àlejò pàtẹ́wọ́ fún un tọkàntọkàn.

"Ó ní ẹ̀mí ọ̀hún nìyẹn," ni Ògbufọ̀ wí, ojú sì ń tì í.

Ìyá Abẹ́rẹ́ la èrò kọjá, ó dúró níwájú àlejò. "Bá mi bi í ní ìbéèrè kan péré. Ṣé ó máa kó bàtà wa?"

Àlejò àti Ògbufọ̀ sọ̀rọ̀ pẹ́. Ògbufọ̀ tú táì rẹ̀ díẹ̀.

"Ó ní ẹ kú oríire."

"Oríire kí ni?"

"Ó ní òun wá láti ra bàtà, àmọ́ ohun tí òun rí ti là òun lójú. Ó ní kí ló dé tí a fi máa kó bàtà kúrò níbi tí wọ́n ti ń wá a báyìí? Níbí gan-an lọjà wà. Ó ní bàtà rọ́bà wà tí àwọn ń fi ẹ̀rọ ṣe, tó máa bá ẹsẹ̀ yín mu, tí owó ẹ̀ ò tó owó òwú tí ẹ fi ń rán tiyín. Òun máa kó o wá."

"Àwa tí à ń rán bàtà ńkọ́?" Aránbàtà ló bèèrè.

"Ó ní ẹ lè bá òun tà á. Ó ní àǹfààní nìyẹn. Bẹ́ ẹ bá tètè ṣe é, ẹ̀yin lẹ máa jẹ́ ẹni àkọ́kọ́."

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àlejò bọ gbogbo wọn lọ́wọ́, títí kan Alágbàfọ̀ tó ṣì ń nu orúnkún. Ó rí ihò ara ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ya á ní fọ́tò, ó sì sọ nǹkan kan tí Ògbufọ̀ kò túmọ̀. Wọ́n wọ ọkọ̀. Wọ́n lọ.

Aránbàtà wọlé, ó jókòó lórí ẹní tó ṣófo. Ó mú ọ̀bẹ awọ, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ìyá àgbà wá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyàwó ọmọ rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀.

"Ewúrẹ́ lo ní kí n ṣọ́," ló wí. "Ewúrẹ́ kankan ò débẹ̀."

Ìyá Abẹ́rẹ́ di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó fi í jókòó.

Àwọn ará àdúgbò kò tíì lọ. Wọ́n dúró síta, olúkúlùkù ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni tó he é lójú ọ̀nà. Àwọn kan bọ́ bàtà, wọ́n rọra gbé e síwájú ilé. Òkúta ti ha á, ẹrẹ̀ ti wọ ojú ibi tí wọ́n ti rán an. Ohun tí èèyàn bá ti fi tẹ ẹrẹ̀, kò sí oníbàárà òkè òkun tó máa bá ẹ sọ̀rọ̀ ẹ̀ mọ́. Alágbàfọ̀ ló kọ́kọ́ rí ẹnu sọ̀rọ̀.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ọ̀hún ò yé wa ni. Bàtà yín dáa, ká má parọ́. Ó tóbi ni. Bẹ́ ẹ bá lè bá mi gé ẹ̀yìn rẹ̀ kù, kó bá mi mu..."

"Gígé kì í ṣe ọ̀fẹ́," ni Ìyá Abẹ́rẹ́ wí. "Awọ náà kì í ṣe ọ̀fẹ́."

"Mo mọ̀, mo mọ̀. Èló?"

Ó sọ iye rẹ̀ fún un. Kò fi kún un, kò yọ kúrò níbẹ̀. Alágbàfọ̀ fẹnu súfèé.

"Háà! Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí n kúkú dúró de ti rọ́bà."

Ẹnì kan fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó gbé e mì. Nínú ilé, Aránbàtà gbé orí sókè. Ìyá Abẹ́rẹ́, tí gbogbo àdúgbò ń dúró de ẹnu rẹ̀, kò lò ó. Ó kàn na ọwọ́.

"Ẹ bọ́ ọ, kẹ́ ẹ wá lọ dúró dè é."

Alágbàfọ̀ wo ọwọ́ náà. Ó bọ́ ẹyọ kan, ó bọ́ èkejì. Oòrùn ti kan àtàrí, ilẹ̀ gbóná bí àwo tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Ó ń ta pọ́ún pọ́ún láti abẹ́ òjìji kan sí òmíràn, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rìn, títí ó fi délé. Wọ́n wò ó débẹ̀.

Ìyá Télọ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ilé Aránbàtà. Ó tú ìdí aṣọ rẹ̀, níbi tó ń di owó mọ́, ó sì na ẹsẹ̀ síwájú.

"Aránbàtà, mú ọ̀bẹ wá," ló wí. "Má gé tèmi kúrú jù o. Ẹsẹ̀ mi máa ń wú tó bá di ìrọ̀lẹ́."